Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: wọ́n fẹ́ lu ẹrù ilé bàbá wa ní gbàǹjo ní Popo Àgùdà

Ọmọ Popo:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé àwọn tó mọ̀ nípa nǹkan àtijọ́ kò wọ́n níbí.

Ilé bàbá wa tó wà ní Popo Àgùdà, àdúgbò àwọn tó ti Brazil padà wá sí Erékùṣù Èkó, ẹbí ti fẹnu kò pé ká tà á. Bàbá tó bí bàbá bàbá mi ló kọ́ ọ nígbà tí wọ́n ti Bàhíà ní Brazil dé. Káfíńtà ni wọ́n. Àwọn àti ẹgbẹ́ wọn ló fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn tẹ àdúgbò yẹn dó. Ilé ti ń jò, àwa ọmọ àti ọmọ-ọmọ ti pọ̀ ju yàrá lọ, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí títa ilé mọ́. Ẹrù inú ilé ló wá di wàhálà.

Àbúrò bàbá mi kan mú oníṣòwò nǹkan àtijọ́ kan wá. Ọkùnrin náà rìn yí ilé ká, ó ṣí èyí, ó kan tọ̀hún wò, ó ní òun máa kó gbogbo ẹ̀ lápapọ̀, ká ṣáà dá iye lé e. Ó ní tá ò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, òun á bá wa lu gbàǹjo ní àgbàlá, kí olúkúlùkù wá ra èyí tó wù ú. Ìpàdé ẹbí ń bọ̀ lópin oṣù yìí.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí. Àga mẹ́fà tí wọ́n fi pankẹ́rẹ́ hun ìjókòó wọn, tí wọ́n gbẹ́ òdòdó sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Jíìgí ńlá kan. Aago ògiri tí kò rìn mọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ Singer tí Màmá Àgbà fi tọ́ ọmọ. Pẹpẹ kékeré onílẹ̀kùn méjì tí ère Antony Mímọ́ àti ti Màríà Wúńdíá wà nínú ẹ̀. Èéfín àbẹ́là ti sọ òkè inú ẹ̀ di dúdú. Àpótí aṣọ kan tí ẹtù, sányán àti okùn iyùn wà nínú ẹ̀. Nígbà tá a tú u dé ìsàlẹ̀, ère ìbejì méjì la bá níbẹ̀, aṣọ funfun ni wọ́n fi wé wọn. Ẹnikẹ́ni nínú àwa tá a wà láyé ò mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Àpótí páànù kan sì tún wà tó kún fún ìwé: lẹ́tà Potogí, rìsíìtì, fọ́tò tó ti ń pọ́n.

Kí ni ká tà, kí ni ká má tà? Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́? Mi ò fẹ́ kí ẹbí tú ká lórí àga.

Ìyá Ìbejì Abẹ́òkúta:
Ọmọ mi, o ṣeun tó o béèrè. Sọ fún wọn pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ère ìbejì yẹn títí ìpàdé á fi parí. Ọmọ ni wọ́n, wọn kì í ṣe ẹrù. Ìyá kan ló bí ìbejì tí ikú mú wọn lọ, tí babaláwo ní kó gbẹ́ ère, tó ń wẹ̀ wọ́n, tó ń fi osùn pa wọ́n lára, tó ń fún wọn lẹ́wà àti epo bó ṣe ń fún ọmọ tó wà láàyè. Wo ojú wọn dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀. Bí imú àti ẹnu bá ti ń pa rẹ́, tí iwájú orí ń dán, ọwọ́ ìyá yẹn ló ṣe é. Kò sí ẹni tó lè fi owó ra ìyẹn kó tún rí i ṣe.

Ní agbo ilé tiwa, nígbà tí mo wà lọ́mọdébìnrin, ọkùnrin kan máa ń fi kẹ̀kẹ́ wá láti ilé dé ilé. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ti gba ìgbàgbọ́ tuntun, ó ní òun ò fẹ́ rí òrìṣà nínú ilé mọ́, ó kó ti ìyá bàbá wa fún un. Ọjà ni màmá wa wà lọ́jọ́ náà. Títí dòní, mi ò lè sọ fún àwọn ọmọ mi orúkọ àwọn ìbejì tí ère yẹn dúró fún, nítorí ẹni tó mọ orúkọ ti lọ, ère tí à bá fi rántí náà ti lọ.

Ọba Ọjà:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ àgbà, Màmá. Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi, torí iṣẹ́ tí mò ń jẹ nìyí: mò ń ra àga àtijọ́, mò ń tún un ṣe, mò ń tà á. Èmi ò gbà pé títa jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Mo ti wọ ilé tí ikán ti jẹ àpótí àtijọ́ tán láti inú, tó jẹ́ pé ọ̀dà ara ẹ̀ nìkan ló kù tó dúró. Àwọn tó ní in kọ̀ láti tà á nítorí ìrántí, wọn ò sì tọ́jú ẹ̀ fún ìrántí. Ẹni tó bá ra àga yẹn á kàn án, á hun ìjókòó ẹ̀, á gbé e síbi tí òjò ò dé. Owó tó bá sì wọlé á san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ.

Àmọ́ o, Ọmọ Popo, gbọ́ èyí lẹ́nu ẹni tó wà nínú òwò. Ẹni tó bá ní òun máa kó gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nǹkan kan ló ti rí níbẹ̀ tí ẹ̀yin ò tíì rí. Kò sí ẹni tó ń fẹ́ Singer àti jíìgí tó ti ń bó láti fi kún ọjà ẹ̀ ju kó má bàa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ èyí tó fẹ́ gan-an lọ. Bi í léèrè pé èló lòun máa fún yín lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá fò kọjá, òun ni kẹ́ ẹ lọ yẹ̀ wò.

Lọ́yà Ẹ̀gbá:
Ẹ kú ìjíròrò. Ẹ jẹ́ ká fi òfin sí i.

Àkọ́kọ́, ohun tí ẹbí jọ ni, ẹnì kan ò lè dá a tà. Lórí ilẹ̀ àti ilé, àwọn ilé ẹjọ́ wa ti sọ ọ́ léraléra: bí àwọn ọmọ ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà ò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ rárá, bí olórí ẹbí bá tà á láìfi tó àwọn àgbà ẹbí létí, wọ́n lè lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n wọ́gi lé e. Lójú àṣà, ẹrù tí ẹbí jọ jogún náà ò yàtọ̀. Nítorí náà, àbúrò bàbá yín tó mú oníṣòwò wá, kó lọ mú olórí ẹbí wá pẹ̀lú.

Èkejì, lórí pínpín. Ìdí-igi ni àṣà Yorùbá ń lò bí ìyàwó bá ju ẹyọ kan lọ: iye ìdí, ìyẹn ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀, ni a ó fi pín in, kì í ṣe iye orí. Ẹjọ́ Danmole àti Dawodu ló fi ìdí èyí múlẹ̀. Ọkùnrin ọmọ Èkó kan fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sáyé lọ; ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dá a ní 1958 pé ìdí-igi ni, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù sì fọwọ́ sí i ní 1962. Orí-òjorí, ìyẹn kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín tiẹ̀, máa ń wọlé nígbà tí ìjà bá dé, tí olórí ẹbí rí i pé òun ló máa mú àlàáfíà wá. Ṣùgbọ́n bí bàbá ńlá yín bá ṣe ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ lè gba ibòmíì lọ, kó jẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi pín in. Láti ìgbà ẹjọ́ Cole ní 1898 ni ìyẹn ti wà ní Èkó. Ẹ wá ìwé ìgbéyàwó wọn nínú àpótí páànù yẹn.

Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù, òun sì làwọn èèyàn ò mọ̀. Òfin kẹtàdínlọ́gọ́rin ọdún 1979, tó dá NCMM, àjọ ìjọba tó ń rí sí musíọ́ọ̀mù àti ohun ìrántí, sílẹ̀, sọ pé iṣẹ́ ọnà tí wọ́n bá ṣe nílẹ̀ wa ṣáájú 1918, àti ohun tó ní ìtàn tí wọ́n ti lò fún ètùtù tàbí ọdún ìbílẹ̀, ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó lówó lọ́wọ́ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti rà á. Aṣojú tí àjọ náà fún ní ìwé àṣẹ nìkan ni. Kò sì gbọdọ̀ jáde kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé ìyọ̀ǹda. Ère ìbejì wọnú èyí pátápátá. Aago àti Singer tí wọ́n ṣe lókè òkun, ìyẹn ò kàn án. Ti àga ni mi ò tíì lè dá, ó kù sí ibi tí wọ́n ti ṣe é. Kí oníṣòwò yẹn mú ìwé àṣẹ ẹ̀ jáde kí ẹ tó bá a jókòó.

Káfíńtà Ṣómólú:
Ọmọ Popo, jọ̀ọ́, dojú àga kan délẹ̀. Má gbá a, má fà á, rọra dà á dojú dé orí aṣọ, kó o wo ìsàlẹ̀ ẹ̀. Wo bí wọ́n ṣe so ẹsẹ̀ mọ́ ìjókòó. Ìṣó irin ni àbí ìṣó igi? Wo igi náà níbi tí wọn ò kun ọ̀dà sí. Kó o wá padà wá sọ fún wa.

Ọmọ Popo:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo lọ sílé láàárọ̀ yìí, mo dojú àga méjì dé.

Kò sí ìṣó irin kankan. Igi róbótó kéékèèké ni wọ́n gbà wọ ojú ihò, orí wọn ti yọ síta díẹ̀ bí a bá fi ìka pa á. Ẹnu igi méjèèjì wọnú ara wọn. Níbi tí wọn ò kun, igi náà pupa, ó wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Ohun tó mú mi jókòó sílẹ̀ rèé: lábẹ́ ìjókòó, lápá ẹ̀yìn, wọ́n fi irin gbígbóná tẹ lẹ́tà méjì sí i. Lẹ́tà orúkọ bàbá ńlá wa ni. Àwọn méjèèjì ló ní in.

Káfíńtà Ṣómólú:
Ọlọ́run ṣeun! Bàbá yín ló ṣe é. Ẹni tó ra àga lọ́jà Bàhíà kò ní fi irin tẹ orúkọ ara ẹ̀ sábẹ́ ìjókòó wọn. Oníṣẹ́ ọwọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Igi pupa tó wúwo yẹn, bí mo ṣe ń rò ó, igi ilẹ̀ wa ni, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ igi fojú rí i. Èkó ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ò mọ iṣẹ́ tí àwọn bàbá yẹn ṣe. Àwọn bíríkìlà àti káfíńtà Àgùdà ló yí ojú Èkó padà: òdòdó àfamọ́ ara ògiri, fèrèsé tó ga dé òkè, ọ̀nà àbáwọlé tó tẹ̀ kọdọrọ. Mọ́sálásí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà, ló darí kíkọ́ ẹ̀. Mùsùlùmí ló ni mọ́sálásí, iṣẹ́ ọwọ́ kan náà lẹ máa rí lára ilé àwọn ọmọ Kátólíìkì tó wà nítòsí. Ọwọ́ tó gbẹ́ òdòdó sẹ́yìn àga yín, ó ṣeé ṣe kó ti gbẹ́ ilẹ̀kùn sáwọn ilé àdúgbò yẹn náà.

Lọ́yà Ẹ̀gbá:
Ẹ ti dáhùn ìbéèrè mi. Bí ó bá jẹ́ Èkó ni wọ́n ti ṣe é, tó sì jẹ́ ṣáájú 1918, àga mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lè wà lábẹ́ òfin yẹn. Ẹ kọ lẹ́tà sí àjọ náà, ẹ so fọ́tò mọ́ ọn, kí ẹ tó ta ẹyọ kan.

Ọba Ọjà:
Ohun tí mo wí nìyẹn. Oníṣòwò yẹn ti dojú àga dé kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀.

Ará Ìkẹ́rẹ́:
Mo ń ka gbogbo yín bọ̀. Ọ̀rọ̀ orúkọ lábẹ́ àga yìí ló mú mi dá sí i.

Ní ààfin Ògògà, ọba ìlú wa, ilẹ̀kùn kan wà tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́, ṣáájú ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Apá kan ni Ògògà wà lórí ìtẹ́ pẹ̀lú ayaba àti àwọn ìránṣẹ́. Apá kejì ni òyìnbó ajẹ́lẹ̀ tí àwọn aláàárù gbé lórí wọ̀lú. Àwọn àwòrán náà yọ síta tó bẹ́ẹ̀ tí òjìji máa ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ní 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ síbi àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley. British Museum ní àwọn fẹ́ rà á. Ògògà kò gba owó. Ó ní kí wọ́n ṣe ìtẹ́ kan fún òun ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀. Wọ́n ṣe é, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn dípò èyí tó lọ.

Ó ń dùn mí pé ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ní láti gba físà kó tó rí ilẹ̀kùn ààfin bàbá ẹ̀. Mo sì tún mọ̀ pé a ṣì lè tọ́ka sí i, ká ní èyí ni, ọ̀nà tó gbà lọ nìyí, ẹni tó gbẹ́ ẹ nìyí. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn Èkìtì mìíràn wà lókè òkun tí wọn ò kọ orúkọ ìlú tàbí ti agbẹ́gilére sí lára. Ìyẹn la pàdánù pátápátá. Ọmọ Popo, bẹ́ ẹ bá máa tà, ẹ kọ orúkọ bàbá yín sínú ìwé tó bá àga náà lọ.

Ẹ̀gbọ́n Peckham:
Ará Ìkẹ́rẹ́ ti sọ òótọ́. Mo máa ń lọ wo ibi tí wọ́n ti ń lu nǹkan Áfíríkà ní gbàǹjo ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ère ìbejì máa ń tò sórí tábìlì bí ẹni tó ń dúró de dókítà, ohun tí wọ́n sì máa ń kọ sábẹ́ wọn kò ju "Yorùbá, Nàìjíríà" lọ. Orúkọ àwọn òyìnbó tó ti ní in tẹ́lẹ̀ máa ń gùn. Orúkọ ìyá tó wẹ̀ ẹ́ kì í sí níbẹ̀ rárá.

Nítorí àdéhùn UNESCO ti 1970 tó lòdì sí kíkó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde lọ́nà àìtọ́, tí Nàìjíríà gbà wọlé ní 1972, àwọn tó ń rà á lónìí ń béèrè ìgbà tó kúrò nílé àti ìwé tó bá a jáde. Ohun tó ní ìtàn ló ń lówó lórí. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ fún ẹbí yín pé ìtàn ò ṣe pàtàkì, ẹ tà á kíá, ó mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa.

Ọmọ Salvador:
Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Èkìtì ni wọ́n bí mi sí, àmọ́ Salvador ní Bàhíà ni mò ń gbé, tí mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ àga, ojú tèmi wà lára àpótí páànù.

Ọmọ Popo, nínú ìwé Potogí yẹn, ó ṣeé ṣe kí ìwé òmìnira wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní carta de alforria. Ẹrú tó bá ra ara ẹ̀, tàbí tí olówó ẹ̀ dá sílẹ̀, òun ló máa ń gbà. Ìwé ìrìnnà náà lè wà níbẹ̀. Lẹ́yìn rògbòdìyàn tí àwọn Mùsùlùmí Yorùbá àti Haúsá dá sílẹ̀ ní Salvador ní oṣù kìíní 1835, ìjọba níhìn-ín fòòró àwọn Áfíríkà tó ti gba òmìnira, wọ́n lé àwọn kan lọ, ọ̀pọ̀ sì fúnra wọn wọ ọkọ̀ padà sí Èkó, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Glẹ́húè (Ouidah). Wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi kọjá 1888 tí wọ́n fòpin sí oko ẹrú ní Brazil. Ẹni tó bá fẹ́ wọkọ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé ìrìnnà. Ìwé àkọsílẹ̀ wọn ṣì wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba Bàhíà títí di báyìí: orúkọ, ibi tó ń lọ, nígbà míì àwọn ọmọ tó ń bá a lọ.

Ìdajì ìtàn bàbá yín wà níbí, ìdajì wà nínú páànù yẹn. Bí ìwé yẹn bá bá àga lọ sọ́wọ́ oníṣòwò, kò sí ẹni tó máa so méjèèjì pọ̀ mọ́.

Nǹkan kan tún wà lórí ère ìbejì tó wà nínú ilé Kátólíìkì. Kó má ṣe yà yín lẹ́nu. Ní Bàhíà, Cosme àti Damião Mímọ́, ìbejì nínú àwọn ẹni mímọ́ Kátólíìkì, ni àwọn èèyàn wa fi bo ìbejì mọ́lẹ̀. Títí dòní, ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án, wọ́n máa ń se ilá tí wọ́n ń pè ní caruru, ọmọdé méje ló sì máa kọ́kọ́ jẹ ẹ́ kí àgbà tó fọwọ́ kàn án. Ìyá àgbà yín tó tan àbẹ́là níwájú Antony Mímọ́ lókè, tó fi aṣọ funfun wé ìbejì sísàlẹ̀ àpótí, ẹ̀sìn tó bá ti Bàhíà bọ̀ ló ń ṣe.

Ìyá Ìbejì Abẹ́òkúta:
Omi bọ́ lójú mi níbi ọ̀rọ̀ ilá yẹn. Wọ́n gbé wọn kọjá òkun, wọn ò gbàgbé ọmọ wọn.

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ láti Porto-Novo. Irú ilé yín pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìdílé da Silva ti sọ ti wọn di musíọ́ọ̀mù. Àwọn àlejò ń wá wo yàrá, fọ́tò àti ẹrù ilé. Ìyẹn dára, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé gbogbo ẹbí ló lè ṣe é. Owó tùlú, owó iná, owó ẹni tó ń ṣọ́ ọ, kì í tán. Mo mọ àwọn ilé Àgùdà míì níhìn-ín tí ògiri wọn ti wó lé ẹrù lórí nígbà tí ẹbí ń dúró de ìjọba. Ìjọba wa gba ohun ìní ọba Dahomey mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n padà lọ́wọ́ Faransé ní 2021, a sì yọ̀. Ẹrù àwọn ẹbí kéékèèké, ọwọ́ ẹbí fúnra wọn ló wà.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Kò yẹ ká máa lọ sí Àjàṣẹ́ jìnnà. Ilojo Bar, ilé Àgùdà àtijọ́ tó wà létí Tinubu l'Ékòó níbí, ńkọ́? Láti nǹkan bí 1855 ni wọ́n sọ pé ìdílé Fernandez ti kọ́ ọ. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án 2016, katapílà wó o palẹ̀. Bí ilé tí òfin dárúkọ ẹ̀ lè lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ta ni yóò sunkún àga mẹ́fà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni í nìkan ni.

Àgbà Oníkan:
Mo bá nǹkan àtijọ́ ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọwọ́ lè ṣe kí ìpàdé yín tó dé. Ìjà ẹbí máa ń dínkù nígbà tí àkọsílẹ̀ bá ti wà nílẹ̀.

Ẹ mú ìwé àjákọ kan. Gbogbo ohun tó wà nínú ilé, ẹ fún un ní nọ́ńbà, ẹ so nọ́ńbà náà mọ́ ọn lára pẹ̀lú òwú funfun. Ẹ má lo sẹ́lótéèpù, ẹ má lo gọ́ọ̀mù. Ẹ ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn àti ìsàlẹ̀, kí rúlà wà nínú fọ́tò. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí tó ṣì lè sọ̀rọ̀, ẹ gbé e jókòó síwájú ẹrù náà, ẹ tan fóònù kó máa gbohùn sílẹ̀, ẹ má sì dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Àwa òṣìṣẹ́ musíọ́ọ̀mù lè sọ irú igi tí wọ́n fi gbẹ́ nǹkan àti ọdún tó ṣeé ṣe kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Ẹni tó máa ń jókòó sórí àga yẹn lálẹ́ ọdún, ìyẹn ò sí nínú ìwé wa kankan. Láti 1943 tí Kenneth Murray, òyìnbó tó ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fún ìjọba, ti ń rìn láti ìlú dé ìlú kọ orúkọ nǹkan sílẹ̀, títí tí musíọ́ọ̀mù Oníkan fi ṣí ní 1957, ohun tó máa ń dùn wá ni ère rere tó dé ọwọ́ wa tí ẹnu tó lè sọ ìtàn ẹ̀ kò bá a wá.

Ẹ má kun fáníìṣì. Ẹ má fi ọṣẹ fọ ère ìbejì: osùn tó wà lára wọn ni ìtàn wọn. Ẹ gbé ìwé kúrò nínú páànù torí ìpẹtà, ẹ kó wọn sínú páálí tó mọ́, níbi tí oòrùn àti òjò ò dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe láminéètì kankan; iná ìgbóná àti ike yẹn máa ba ìwé jẹ́, kò sì ní ṣeé yọ mọ́. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò, pẹ́ńsù ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má tẹ̀ ẹ́ jù.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fún musíọ́ọ̀mù, ẹ mọ̀ pé fífún yàtọ̀ sí fífi ṣọ́. Kí ó wà nínú ìwé tí ẹ̀yin àtàwọn méjèèjì bá fọwọ́ sí. Àkójọ ìwé ẹbí bí irú tiyín, ètò Endangered Archives Programme ti British Library máa ń fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti olùwádìí lówó láti ya irú ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, tí ojúlówó ìwé ò sì ní kúrò nílùú. Ẹ wá olùkọ́ ìtàn kan ní yunifásítì tó lè bá yín kọ ọ́.

Ọba Ọjà:
Bàbá, ẹ pẹ́ fún wa. Màmá Abẹ́òkúta, mo gba tiyín lórí ìbejì. Èmi ò tiẹ̀ ní rà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ Popo, bẹ́ ẹ bá ti kọ nọ́ńbà tán, fi fọ́tò Singer, jíìgí àti aago ránṣẹ́ sí mi. Màá sọ iye tí wọ́n ń lọ lọ́jà fún yín láìgba kọ́bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa rẹ́ yín jẹ.

Ọmọ Popo:
Ẹ káàsán o. Ìpàdé ti wáyé. Mo ṣèlérí pé màá jábọ̀.

Mo mú ìwé àjákọ wọlé, mo sì ka gbogbo ẹ̀ látòkè délẹ̀. Nígbà tí mo dé orí àga, mo dojú ọ̀kan dé lójú gbogbo wọn, mo fi lẹ́tà méjèèjì hàn wọ́n. Olórí ẹbí dìde, ó fi ọwọ́ pa ibẹ̀, ó ní kí oníṣòwò yẹn má wá mọ́. Wọ́n ní kó fi ìwé àṣẹ hàn tẹ́lẹ̀, kò rí i mú wá.

Ìdí mẹ́ta ni bàbá ńlá wa fi sílẹ̀, nítorí náà àga méjì-méjì ló kan ìdí kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fọwọ́ sí i pé kò sí ìdí kankan tó máa ta tiẹ̀ láìfi lọ àwọn ìdí yòókù, lẹ́tà sí àjọ náà sì ti lọ. Singer, jíìgí àti aago, a máa tà wọ́n, owó wọn á fi kún owó tùlú yàrá tí àwọn àgbà méjì ṣì ń gbé títí tí a ó fi ta ilé. Pẹpẹ wà lọ́wọ́ àǹtí bàbá mi tó ṣì ń gbàdúrà níwájú ẹ̀ lójoojúmọ́. Kò sẹ́ni tó bá wọn jiyàn. Ìbejì, Màmá wa kékeré tí àwọn fúnra wọn jẹ́ Kẹ́hìndé ní àwọn ló máa tọ́jú wọn, wọ́n sì ti mú wọn lọ sílé.

Àbúrò bàbá mi ò dùn sí i. Wọ́n ní a ti fi ìtàn lé owó lọ, wọn ò sì bá wa jẹun lẹ́yìn ìpàdé. Màá lọ bá wọn lọ́tọ̀. Wọ́n ní ọmọ ní yunifásítì, mi ò lè dá wọn lẹ́bi.

Ìwé ló kù. Ọwọ́ mi ni wọ́n fi í sí, mi ò sì gbọ́ Potogí. Ọmọ Salvador, ẹ̀gbọ́n mi, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Salvador:
Kú oríire. Ya èyí tó ní òǹtẹ̀ tàbí sítáǹbù lójú kọ́kọ́, ìyẹn ni ìwé ìjọba. Lẹ́yìn náà, èyíkéyìí tó o bá ti rí "liberto" tàbí "nagô" lójú ẹ̀. Liberto ni ẹni tó ti gba òmìnira, nagô sì ni wọ́n ń pe Yorùbá níhìn-ín. Gbé ìwé sí ẹ̀bá fèrèsé lọ́wọ́ ìyálẹ̀ta, má lo fíláàṣì, kó o ya ẹ̀yìn ìwé náà kódà bó o bá rò pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Lẹ́tà ẹbí lè dúró. Fi orúkọ bàbá ńlá yín, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lédè Potogí gan-an, ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, má gbé e síbí. Ọjọ́ Ajé ni mò ń lọ sílé àkójọ ìwé.